Ìyá mi fẹ́ padà fojú kan odò Ọ̀ṣun: ta ló lè tọ́ wa sọ́nà nínú igbó l'Òṣogbo?

Ìyá Ìbejì kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Òṣogbo ni ìyá mi dàgbà sí kí wọ́n tó lọ ilé ọkọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti jáde láyé, ọ̀rọ̀ odò yẹn ni wọ́n ń sọ ṣáá. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á ní, "Omi á ti kún dé ẹsẹ̀ igi báyìí." Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ, kí àwọn tún fojú kan án.

Mo fẹ́ mú àwọn ìbejì mi náà dání, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Wọ́n mọ kìnnìún àti erin nínú tẹlifíṣọ̀n, wọn ò tíì rí ọ̀bọ kan rí nínú igbó ilẹ̀ baba wọn. Ìyẹn ń dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgbà ọdún Ọ̀ṣun ni kí a wá ni, àbí ọjọ́ mìíràn? Orúnkún máa ń dun ìyá mi, ṣé ìrìn ibẹ̀ pọ̀? Ṣé àwọn ọ̀bọ náà kì í ṣe ọmọdé léṣe? Mo sì fẹ́ ẹni tó máa bá mi sọ ìtàn ibẹ̀ dáadáa, torí àwọn ọmọ yìí máa ń béèrè ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fèsì:

Ẹ káàbọ̀ sílé, ìyá wa. Láti ilé wa dé ẹnu géètì igbó náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí náà ohun tí mò ń fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má mú màmá wá nígbà ọdún. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu ọdún o, kò sí ohun tó dà bí i. Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi ń ṣe é nínú oṣù kẹjọ: láti orí Ìwọ́pópó, ìyẹn ètò ìwẹ̀nùmọ́ ìlú, dé alẹ́ tí wọ́n ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, títí dé ọjọ́ tí Arugbá máa gbé igbá láti ààfin lọ sí odò. Ẹni tó bá rí ọmọbìnrin yẹn tó ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ igbá, tí gbogbo ìlú ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má fẹsẹ̀ kọ, kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ẹsẹ̀ kò gbèrò. Wọ́n ń ti Brazil wá, wọ́n ń ti Amẹ́ríkà wá, àwa ọmọ ìlú sì tún pọ̀ ju wọn lọ. Ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni màmá máa rí, wọn ò ní rí omi. Àwọn ọ̀bọ pàápàá á ti sá lọ sí àárín igbó nítorí ariwo ìlù àti gbohùngbohùn.

Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ wá, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà kì í yọ̀, ẹ̀fọn kò pọ̀. Ẹ mú àárín ọ̀sẹ̀, Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kí ẹ sì tètè dé. Ní aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹyẹ ṣì ń ké, oòrùn kò tíì mú.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Old Garage, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni kí ẹ wọ̀. Ẹ ṣáà sọ pé Ojúbọ Ọ̀ṣun lẹ̀ ń lọ, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ san owó ìwọlé ní ọ́fíìsì àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Mo tẹnu mọ́ rìsíìtì nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àlejò mi kan. Ọkùnrin kan pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní amọ̀nà ni òun, ó gbowó, kò fún un ní ìwé kankan. Nígbà tí wọ́n dé etí odò ó tún ní kó mú òmíràn wá kí òun tó mú un lọ síwájú. Ojú tì mí fún ìlú mi lọ́jọ́ náà. Amọ̀nà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti máa pè é fún yín.

Ní ti orúnkún, ẹ má fòyà. Láti géètì sí Ojúbọ, ọ̀nà náà kò le, màmá lè máa rìn kí wọ́n máa sinmi. Ibi tó lè dà wọ́n láàmú ni afárá àtijọ́ tí wọ́n fi okùn irin gbé rọ̀ sórí omi. Ó máa ń mì. Kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan án, ó ti tó.

Bàbá Olùkọ́ fèsì:

Ọmọ mi, mo kí ọ fún ìfẹ́ tí o ní sí ìyá rẹ. Ìtàn ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún ọ tí o máa sọ fún àwọn ìbejì.

Laróòyè àti Olútìmẹ́hìn ni àwọn àgbà máa ń dárúkọ bí ẹni tó tẹ ìlú náà dó. Ìpólé ni wọ́n ti wá, omi ni wọ́n ń wá kiri nítorí ọ̀dá dá níbẹ̀. Ọdẹ ni Olútìmẹ́hìn. Ìgbà tí wọ́n rí odò yìí, wọ́n kọ́lé sétí rẹ̀, nínú igbó tí à ń sọ yìí gan-an. Nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó láti dáko, igi ńlá kan wó sínú omi, ni ohùn kan bá ké láti inú odò pé: "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ìlú ní Òṣogbo. Kí àwọn ọmọ kíyè sí ohun tí odò ń ṣe nínú ìtàn yẹn: aró ló ń rẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kì wá ní ọmọ Òròkí, ìlú aró.

Lẹ́yìn náà ni odò sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí kúrò létí òun, kí wọ́n gòkè díẹ̀. Ẹni tó bá ti rí Ọ̀ṣun nígbà tó bá kún á mọ̀ pé ìmọ̀ràn gidi ni. Báyìí ni igbó ṣe kù sẹ́yìn, tí ìlú lọ sókè. Ààfin àkọ́kọ́ ṣì wà nínú igbó, òun ni Ojúbọ tí wọ́n ń bọ títí dòní. Ọjà àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀, Ọjà Òǹtótòó. Bí o bá mú àwọn ọmọ lọ, mú wọn dúró níbẹ̀, kí o sọ fún wọn pé orí ìlú tí wọ́n dà nù sínú igbó ni wọ́n dúró lé.

Àtáọ́ja náà, orúkọ oyè ọba wa, inú odò ló ti jáde. Laróòyè rúbọ sí odò, ẹja ńlá kan sì wá bá a létí omi, ó tẹ́ ọwọ́, ó gbà á. A-tẹ́wọ́-gbẹja. Ìdí rèé tí ẹnikẹ́ni kì í fi í pẹja nínú omi yẹn. Ikọ̀ Ọ̀ṣun ni ẹja.

Èyí tó wà nínú ìwé ìtàn gbangba: ní ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo pẹ̀lú ẹṣin. Ìbàdàn rán ọmọ ogun wá, Balógun Odérìnlọ́ ló ṣíwájú wọn, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ibẹ̀ ni ogun ẹlẹ́ṣin náà ti dúró tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù mọ́. Àwọn Ọlọ́ṣun ní tiwọn á sọ fún ọ pé Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló para dà di ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, tó lọ ta ẹ̀fọ́ yánrin fún àwọn ọmọ ogun náà, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń béèrè pé èwo ni òótọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀: èkíní sọ bí a ṣe jagun, èkejì sọ ẹni tí ìlú rò pé òun ló gba àwọn.

Adúróṣinṣin fèsì:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ béèrè ohun kan láìsí ìjà. Onígbàgbọ́ ni mí. Mo fẹ́ràn igbó, mo fẹ́ràn ẹyẹ, àmọ́ ọkàn mi kì í balẹ̀ láti mú ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ṣé èèyàn lè wọlé kó má bá wọn ṣe nǹkankan?

Àlhájà Òkè-Fìà fèsì:

Ọmọ mi, Mùsùlùmí ni mí, mo sì ti wọ igbó yẹn láìmọye ìgbà. Kò sẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó fi nǹkan pa mí lórí. Bí àwọn tó ń bọ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, o dúró lọ́ọ̀ọ́kán, o dákẹ́, bí o ṣe máa fẹ́ kí ẹlòmíràn dákẹ́ nígbà tí o bá ń gbàdúrà tìrẹ. Ibi tí wọ́n bá ní kí o bọ́ bàtà, bọ́ ọ. Ibi tí wọ́n bá ní kí o má ya fótò, má yà á. L'Òṣogbo níbí, mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò àti ààfin Àtáọ́ja jọ wà ní Ọjà Ọba. Nínú ẹbí mi, àbúrò bàbá mi jẹ́ Ọlọ́ṣun, bàbá mi jẹ́ Àlùfáà, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Ọ̀rẹ́ Ẹranko fèsì:

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀bọ, torí nítorí wọn ni mo ṣe máa ń lọ síbẹ̀.

Igbó náà tó 75 hẹ́kítà, ó ju pápá bọ́ọ̀lù 100 lọ. Ní gbogbo gúúsù ilẹ̀ wa, ibi tí igbó àkọ́dá ṣì kù sí kò pọ̀ mọ́. Gbogbo ìlú Yorùbá ló ní igbó òrìṣà lẹ́yìn odi nígbà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Èyí kù nítorí èèwọ̀: a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gé igi, a kì í dáko. Àwọn tó ka ewéko ibẹ̀ sọ pé irú rẹ̀ tó 400, èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó wúlò fún ìwòsàn nínú wọn sì tó 200. Bí ẹ bá ní àgbà kan tó mọ ewé, ẹ mú un dání. Mo bá bàbá adáhunṣe kan rìn níbẹ̀ rí, ìrìn tí mo máa ń fi ìdajì wákàtí rìn, wákàtí mẹ́ta la lò, ewé kan kò kọjá lára rẹ̀ kó má kí i.

Oríṣi ọ̀bọ méjì ni kí àwọn ìbejì wá. Èyí tí ẹ máa tètè rí ni móná: ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ funfun, bó bá sì kẹ̀yìn sí yín, ẹ máa rí àmì funfun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìrù rẹ̀. Èkejì ni ọ̀bọ ọ̀fun-funfun. Ojú rẹ̀ dúdú, ọ̀fun rẹ̀ funfun báláú bí ẹni wé ìborùn. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an lágbàáyé, ojú a máa tì í, òkè igi ló máa ń wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo ti rí i dáadáa láti ọdún mẹ́fà.

Wọn kì í ṣe ọmọdé léṣe bí ọmọdé kò bá gbé oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má fún wọn ní ẹ̀pà, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni wí. Mo jókòó lórí gbòǹgbò igi lọ́jọ́ kan, ìyá ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀ tòun tọmọ lábẹ́ àyà. Obìnrin kan ti ju ọ̀rá búrẹ́dì sílẹ̀. Ìyá ọ̀bọ mú un, ó fi eyín ya á, ó kó búrẹ́dì tó kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí wọ́n ní àpò níbẹ̀ tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ọmọ rẹ̀ na ọwọ́, ó mú ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo dìde, ọmọ náà di ọ̀rá mú ṣinṣin, wọ́n sá lọ sókè. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rá náà já sí nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé àpò lọ láti máa ṣa ìdọ̀tí bí mo ṣe ń rìn.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbójú sókè, kí wọ́n fetí sílẹ̀ kí wọ́n tó máa wò. Ewé tó bá ń mì láìsí atẹ́gùn, ọ̀bọ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà fèsì:

Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ dára. Ọ̀rọ̀ omi ló kù, mi ò sì rí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí màmá tàbí àwọn ọmọ mu omi náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dùn wọ́n, torí ẹni tó dàgbà síbẹ̀ á ti mu ún rí. Ìgèdè ní Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun, ó gba ilẹ̀ wa kọjá kó tó dé Òṣogbo. Ní ilẹ̀ wa, wọ́n ń wa góòlù. Mo ti dúró lórí kòtò wọn. Wọ́n á wa etí odò lulẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á dá ẹrẹ̀ náà padà sínú omi. Àwọn kan ń lo mákúrì, irin olómi tó ní oró, láti fi kó góòlù jọ, ìyẹn náà á bá omi lọ. Odò tó máa ń mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti wá ń ṣàn bíi tíì oní-mílíìkì. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fáwọn tó ń lọ ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà.

Ẹ má ro pé ẹ lè sè é. Iná ń pa kòkòrò, kì í yọ mákúrì àti òjé kúrò nínú omi.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn náà, ọ̀rọ̀ yín ni o. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdídò Aṣéjire. Odò Ọ̀ṣun yìí kan náà ni wọ́n dí níbẹ̀, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ yín.

Ọlọ́ṣun Àgbà fèsì:

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi lọ́kàn. Omi yẹn ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Omi tútù ni oògùn Ọ̀ṣun, kò ní òmíràn. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, gbogbo wọn ló mu ún, gbogbo wọn ló wà láyé. Ẹ má sọ fún ènìyàn pé omi Ọ̀ṣun burú. Omi kò burú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà fèsì:

Ẹ dákun ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀ ń sọ òótọ́. Ohun tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ló burú. Màmá tèmi náà máa ń rán mi lọ pọn ọ́n. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti fún mi láyè.

Ọlọ́ṣun Àgbà fèsì:

Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi bímọ. Mo lọ bu omi sí kèrègbè bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo gbé e sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ẹrẹ̀ tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó nípọn tó ìka kan. Mo fi díẹ̀ kan ọmọ náà níwájú orí, mo sì da ìyókù sílẹ̀ fún ilẹ̀. Mi ò fún un mu. Mo sunkún. Kí àwọn tó ń wa góòlù yẹn mọ̀ pé ìyá àgbà kan sunkún nítorí omi ìkúnlẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, kí màmá rẹ wá. Kí wọ́n fi omi nu ojú. Kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, á gbọ́.

Aláró fèsì:

Ìyá àgbà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tu yín nínú.

Ìyá Ìbejì, ẹ kò béèrè ọ̀rọ̀ àwọn ère, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ máa béèrè, torí àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí: ère tó ga ju ilé lọ, odi tó ní ojú, òrùlé mẹ́ta ti Ilédì, ilé àwọn Ògbóni, tó nà sókè bí ohun tó fẹ́ fò.

Obìnrin kan láti Austria, Susanne Wenger, ni wọ́n ṣíwájú iṣẹ́ náà. Àwa ń pè wọ́n ní Àdùnní Olórìṣà. Ọdún 1950 ni wọ́n dé ilẹ̀ wa pẹ̀lú ọkọ wọn, Ulli Beier. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá wọn gúnlẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bá àwọn olórìṣà Ẹdẹ kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ l'Òṣogbo. Àkókò yẹn, igbó ti fẹ́ parẹ́. Wọ́n ń gé igi, wọ́n ń pín ilẹ̀, ojúbọ ń wó, àwọn tó ń bọ ọ́ ti ń dínkù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé òyìnbó ló dá igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ kò mọ ìtàn, igbó ti wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní Àdùnní kò ṣe nǹkankan náà ṣàìmoore. Wọ́n dúró níwájú katakata pẹ̀lú ara wọn.

Wọn kò sì dá ṣe é. Adebisi Akanji, bíríkìlà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì tó ń mọ ilé fún èèyàn ni wọ́n fi mọ ère. Buraimoh Gbadamosi gbẹ́ òkúta, Kasali Akangbe gbẹ́ igi. Ọmọ ìlú ni gbogbo wọn. Ní 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi di 75 hẹ́kítà, ní 2005 UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi í sínú àwọn ogún àgbáyé. Àdùnní kú ní oṣù kìíní 2009, ẹni ọdún 93 ni wọ́n. Ilé alájà wọn ṣì wà lójú ọ̀nà Ìbòkun, ẹ lè yà síbẹ̀ bí màmá bá ṣì lókun.

Ère tí mo fẹ́ kí ẹ lọ dúró sí iwájú rẹ̀ ni Ìyá Mọ̀pó. Òun ló ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró rírẹ. Aláró ni ìyá mi. Mo mọ òórùn ìkòkò wọn ṣáájú kí n tó mọ ABD: ewé èlú tí wọ́n gún tí wọ́n sá gbẹ, omi eérú tó ń kán tó tó tó láti inú ìkòkò òkè bọ́ sí ti ìsàlẹ̀. Bí aró kò bá gbà, wọ́n á ní, "Ìyá Mọ̀pó, dákun." Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ère náà tó na ọwọ́ rẹ̀ púpọ̀ sókè, ọwọ́ ìyá mi ni mo rí, tó dúdú dé ìgúnpá.

Ẹ yára wá o. Amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yẹn, òjò ń fọ̀ ọ́, ikán ń jẹ igi rẹ̀. Wọ́n ń tún un ṣe, àmọ́ iṣẹ́ náà kì í tán.

Ìyá Ìbejì kọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:

A ti lọ, a ti bọ̀. Mo fẹ́ jíhìn fún yín torí ẹ̀yin lẹ mú wa dé ibẹ̀.

Ọjọ́rú la lọ. Ní Aṣéjire mo ní kí dírẹ́bà rọra, mo fi omi han àwọn ọmọ, mo ní, "Odò tí à ń lọ bá nìyẹn." Kẹ́hìndé ní, "Ṣé òun náà ti ń bọ̀ wá pàdé wa ni?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín dé Gbọ̀ngán.

A gba rìsíìtì. Amọ̀nà wa jẹ́ ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, ó ń bá màmá rìn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Táyé ló kọ́kọ́ rí ọ̀bọ. Ó ti gbójú sókè láti ẹnu géètì bí Ọ̀rẹ́ Ẹranko ṣe wí, ọrùn ti ń dùn ún. Mẹ́ta ni wọ́n, àmì funfun méjì náà sì wà lẹ́yìn wọn ketekete. A ò rí ọ̀bọ ọ̀fun-funfun. A gbé àpò lọ, àwọn ọmọ ṣa ọ̀rá omi mọ́kàndínlógún.

Nígbà tí a dé etí omi, màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Omi náà pọ́n bí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe sọ. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Kò rí báyìí." Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí obìnrin arúgbó kan tó jókòó sẹ́bàá ibẹ̀ pẹ̀lú kèrègbè fi dáhùn pé, "Kò rí báyìí lóòótọ́." Ni wọ́n bá ń wo ara wọn. Obìnrin náà béèrè pé ọmọ ilé ta ni. Màmá dárúkọ agboolé. Ó pariwo! Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin àti màmá jọ ń pọn omi níbẹ̀ ni, àwọn méjèèjì ló máa ń gbé òun tẹ̀lé wọn. Ẹ̀gbọ́n náà ṣì wà láyé, ní Ìgbọ̀nà.

Ìyá mi jókòó tì í lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń sọ pé orúnkún kò jẹ́ kí àwọn lè jókòó sílẹ̀. Ó bu omi sí wọn lọ́wọ́, wọ́n fi nu ojú, wọ́n fi nu ọrùn àwọn ìbejì. Wọn ò mu ún. Wákàtí méjì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Mo lọ wo Ìyá Mọ̀pó pẹ̀lú àwọn ọmọ, a padà dé, wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Wọ́n ti ní dandan ni kí n mú àwọn padà lọ, kí àwọn rí ọ̀rẹ́ àwọn tó wà ní Ìgbọ̀nà, kí wọ́n jọ lọ sódò. Ọ̀rẹ́ náà kò lè rìn dáadáa mọ́. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣé ẹ lè bá wa béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé sún mọ́ ojúbọ fún arúgbó?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fèsì:

Mo ti lọ béèrè láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní bí kò bá ti bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń bọ, wọ́n á ṣí ọ̀nà fún wa. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ arọ kan nílé tí wọn ò lò mọ́, mo ti fún táyà rẹ̀ ní atẹ́gùn. Ẹ sọ Ọjọ́rú tí ẹ bá mú fún mi, màá ti dúró lẹ́nu géètì láti aago mẹ́jọ.

Ọlọ́ṣun Àgbà fèsì:

Èmi náà á wà níbẹ̀. Àbúrò mi ni obìnrin tó ní kèrègbè yẹn. Èmi ni mò ń gbé Ìgbọ̀nà. Sọ fún ìyá rẹ pé ìkòkò tó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé, títí dòní mi ò sọ fún màmá wọn pé èmi ni mo fọ́ ọ, pé òun kọ́.